Àwòrán Sáyẹ́ǹsì Wo Ni Kí A Gbé Kọ́ Ògiri? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Yàn

Nígbà tí Ojúde Ọba ku oṣù mẹ́ta, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde pinnu pé a ó fi àwòrán ńlá mẹ́rin ta ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lọ́rẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti jáde. Wọ́n ní kì í ṣe àwòrán ìjòyè, kì í ṣe àwòrán olóṣèlú. Àwòrán ojú ọ̀run àti ti ìṣẹ̀dá ni wọ́n fẹ́, èyí tí ọmọ yóò rí tí yóò dúró wò. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni, àfi bí ó ṣe gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tó fà á ni pé àwòrán tó rẹwà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Òmíràn wà tí ojú ènìyàn rí kí kámẹ́rà tó yà á. Òmíràn wà tí ẹ̀rọ rí ohun tí ojú ènìyàn kò lè rí láéláé, tí àwọn onímọ̀ sì wá yan àwọ̀ fún un. Òmíràn, ìṣirò ni wọ́n fi kó o jọ láti inú ìgbì rédíò tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gbà. Òmíràn tún wà tí kì í ṣe fọ́tò rárá, tí ó jẹ́ pé oníṣẹ́ ọnà ló jókòó tí ó yà á. Gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní àwòrán sáyẹ́ǹsì, gbogbo wọn ló sì lè wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ èyí tí òun gbé kọ́ ògiri yóò ṣìnà bí ọmọ bá bi í léèrè. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo wọn: ojú ta ni, tàbí ojú kí ni, ló rí èyí?

Ayé wa láti òkèèrè: mẹ́ta tí ó jọra, tí kò dọ́gba

Àwòrán mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ya ayé wa láti ìta. Èkíní ni èyí tí ayé ń yọ lẹ́yìn òṣùpá, tí William Anders yà ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 1968, nígbà tí òun, Frank Borman àti Jim Lovell ń yí òṣùpá po nínú ọkọ̀ Apollo 8. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Marble, tí àwọn èrò inú ọkọ̀ Apollo 17 yà ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1972, nígbà tí wọ́n ti jìnnà sí ilẹ̀ tó nǹkan bí 29,000 kìlómítà. Ẹ̀kẹta ni Pale Blue Dot, tí ọkọ̀ aláìlénìyàn Voyager 1 yà ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 1990, láti ibi tó jìnnà tó bílíọ̀nù 6 kìlómítà.

Méjì àkọ́kọ́ ni ojú ènìyàn rí. Bí a bá gbé wọn síra, ti Anders ló ní ìtàn nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́: ilẹ̀ òṣùpá tó rí bí eérú ààrò wà níwájú, ayé tó láwọ̀ aró àti funfun sì wà lókèèrè nínú òkùnkùn biribiri. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnì kan dúró síbì kan tí ó ń wo ilé. Ohun méjì ni kí olùkọ́ sọ fún wọn. Lọ́nà kìíní, bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán náà kọ́ ni Anders ṣe yà á. Nínú ti rẹ̀, etí òṣùpá dúró ṣánṣán ní apá ọ̀tún, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ló dá a dùbúlẹ̀ kí ó lè rí bí ilẹ̀ tí a mọ̀. Kì í ṣe irọ́, nítorí kò sí òkè kò sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Lọ́nà kejì, ẹni tó bá dúró sójú kan lórí òṣùpá kò ní rí i kí ayé yọ bí oòrùn ṣe ń yọ, nítorí ojú kan náà ni òṣùpá ń kọ sí wa nígbà gbogbo. Ìrìn ọkọ̀ wọn ló mú kí ó dà bíi pé ayé ń yọ.

Blue Marble kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Ayé nìkan ló wà níbẹ̀, ó yípo, ó mọ́lẹ̀ láti etí dé etí nítorí pé oòrùn wà lẹ́yìn àwọn tó ń yà á. Ohun tí ó fi borí fún àwọn ọmọ tiwa ni pé ilẹ̀ Áfíríkà ló kọjú sí ẹni tó ń wò ó, láti Òkun Mẹditaréníà títí dé gúúsù, pẹ̀lú Madagásíkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti yìnyín Antarctica nísàlẹ̀. Èyí náà ni wọ́n yí: apá gúúsù ló wà lókè nígbà tí wọ́n yà á. Fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú èyí, nítorí ọmọ tó ti mọ àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà lára ìwé yóò dá a mọ̀.

Pale Blue Dot ló kó mi sí ìyọnu. Nínú ọkàn mi, òun ló tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí ògiri, òun ló kéré jù. Ayé nínú rẹ̀ kò tó píksẹ́lì kan, ìyẹn ẹyọ àmì tó kéré jù tí wọ́n fi ń to àwòrán jọ, ó wà láàárín ìlà ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ṣèèṣì wọ inú kámẹ́rà. Nígbà tí mo fi han ìpàdé ẹgbẹ́, olóyè kan yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó, ó ní, “Ṣé àmì tíntín yìí náà ni a fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ rà?” N kò lè bá a jiyàn. Bí ilé ìtẹ̀wé bá ṣe àṣìṣe díẹ̀, àmì náà yóò pòórá tàbí kí ó dà bí ìdọ̀tí. Ẹ fi í sínú ìwé, tàbí kí ẹ gbé e sórí ara ògiri pẹ̀lú ẹ̀rọ onímọ̀lẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sínú férémù.

Àwọn òpó inú ìkùukùu: ti Hubble tàbí ti Webb?

Ibí ni mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú mẹ́fà náà. Hubble àti Webb ni awò awọ̀nàjíjìn ńlá méjì tí wọ́n gbé lọ sí òfurufú láti máa ya ojú ọ̀run. Ìkùukùu gáàsì àti eruku kan wà tí wọ́n ń pè ní Eagle Nebula, tó jìnnà sí wa tó nǹkan bí 6,500 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún odidi ọdún kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tírílíọ̀nù 9.5 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ tí ó dé inú awò awọ̀nàjíjìn náà ti gbéra tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Ọbáńta nílẹ̀ yìí. Nínú ìkùukùu náà ni òpó mẹ́ta ti dúró bí ìka ọwọ́, níbi tí a ti ń bí ìràwọ̀ tuntun, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Pillars of Creation.

Àwòrán rẹ̀ tó lókìkí pọ̀, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ra ọ̀kan ní orúkọ òmíràn. Ti 1995 ni Jeff Hester àti Paul Scowen fi Hubble yà. Igun kan lókè rẹ̀ ṣófo bí àtẹ̀gùn, àwọn ènìyàn sì máa ń rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló gé e. Kò rí bẹ́ẹ̀: kámẹ́rà mẹ́rin ló so pọ̀ mọ́ra nínú Hubble nígbà náà, ọ̀kan nínú wọn ń wo ibi kékeré ní àwòfín, nígbà tí wọ́n sì sún un kéré kí ó lè bá àwọn yòókù dọ́gba, igun náà ṣófo. Ní 2014, wọ́n fi kámẹ́rà tuntun padà ya ibẹ̀, ó fẹ̀ sí i, ó mọ́ sí i, àtẹ̀gùn náà sì kúrò. Ní oṣù Kẹwàá 2022 ni ti Webb jáde.

Jígí Hubble fẹ̀ ní mítà 2.4, ti Webb fẹ̀ ní mítà 6.5, ó ní abala 18 tí wọ́n fi wúrà bò. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ nìkan kọ́ ló mú kí àwòrán wọn yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa mọ̀ ni Hubble lò jù fún tirẹ̀, nítorí náà àwọn òpó náà dà bí ohun tó le, bí òkìtì ọ̀gán tí ìmọ́lẹ̀ àṣálẹ́ ń tàn sí lára. Ìmọ́lẹ̀ infrared ni Webb ń lò, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó wà ní apá ibi tí a ti ń mọ ooru, tí ojú kò rí. Ìmọ́lẹ̀ yìí ń gba inú eruku kọjá. Òpó kan náà wá dà bí èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ tí Hubble kò rí sì yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àmì pupa níbi ìràwọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbára jọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ dé ẹ̀bá ibẹ̀, ẹ kò ní rí àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ wúrà tí ẹ rí lórí ìwé. Nínú ti 1995, wọ́n ya ìmọ́lẹ̀ imí ọjọ́, ti háídírójìn àti ti ọ́síjìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n wá fún imí ọjọ́ ní pupa, háídírójìn ní àwọ̀ ewé, ọ́síjìn ní àwọ̀ aró. Nínú ti Webb, ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn jù ni wọ́n fún ní pupa, èyí tó kúrú jù ni wọ́n fún ní àwọ̀ aró, bí ẹni tí ó gbé orin tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù fún wa sókè kí a lè gbọ́ ọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀tàn ni èyí. Èmi ní kì í ṣe ẹ̀tàn níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan bá dúró fún ohun kan pàtó tí a lè dárúkọ. Aláró kò purọ́ nígbà tí ó sọ aṣọ funfun di dúdú. Ẹni tó tà á fún ọ pé bí wọ́n ṣe ká òwú rẹ̀ nìyẹn ló purọ́.

Bí ààyè férémù kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹ mú ti Hubble ti 2014, nítorí ó ní ìrísí tó lágbára tí ènìyàn lè rí láti ẹnu ọ̀nà. Ti Webb dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó bá súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n láti òkèèrè, ìràwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi mọ ibi tí yóò dúró sí. Bí ẹ bá ní ààyè méjì, ẹ fi wọ́n ṣe ìbejì, ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìwọ̀n kan náà. N kò tíì rí ohun mìíràn tó fi tètè kọ́ ọmọ pé bí ojú bá yí padà, ohun tí à ń wò náà yóò yí padà.

Ẹ tún lè fi wọ́n kọ́ bí a ṣe ń mọ àwòrán ayédèrú, tí kọ̀ǹpútà ti ń ya ní ọ̀pọ̀ lóde òní. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ nínú àwòrán Hubble máa ń ní ẹ̀gún mẹ́rin; nínú ti Webb, ẹ̀gún ńlá mẹ́fà ni. Ẹ̀gún wọ̀nyí kò sí lára ìràwọ̀; jígí ẹ̀rọ àti ọ̀pá tó gbé e ró ló fà á, nítorí náà apá ibì kan náà ni wọ́n máa ń kọjú sí. Bí ẹ bá rí àwòrán tí ìràwọ̀ kan ní ẹ̀gún mẹ́rin, tí èkejì ní márùn-ún, tí òmíràn sì dorí kọ ibòmíràn, ó yẹ kí ẹ fura sí i.

Ihò dúdú

Ihò dúdú ni ibi tí agbára òòfà ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde. Àwòrán èyí tó wà nínú M87, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ kan tó jìnnà réré, tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 2019, kò lẹ́wà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni retí pé yóò lẹ́wà. Awò awọ̀nàjíjìn rédíò méje ní ibi márùn-ún lórí ilẹ̀ ayé ló jọ gba ìgbì rédíò rẹ̀ ní 2017. Ohun tí wọ́n kó sílẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi gbé e. Àwọ̀ ọsàn rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n yàn. Bí ó ṣe rí bàìbàì náà ni ó ṣe yẹ kí ó rí, ẹ má bá ilé ìtẹ̀wé jà. Mo fi í sílẹ̀ fún yunifásítì.

Ohun tíntín: fọ́tò, àwòrán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tàbí àwòrán ọwọ́?

Mẹ́ta náà ni mo fi wéra níbí. Àwòrán ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n yà láti inú máíkírósíkóòpù lásán. Àwòrán orí ẹ̀fọn tí wọ́n fi máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yà, èyí tó ń lo ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀. Àti bọ́ọ̀lù aláwọ̀ eérú tó ní òdòdó pupa lára, tí gbogbo ayé mọ̀ sí kòrónà ní 2020.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe fọ́tò. Alissa Eckert àti Dan Higgins, tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ́ ọnà nípa ìṣègùn ní CDC, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ló yà á láti inú ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀ nípa ìrísí fáírọ́ọ̀sì náà. Iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ “àwòrán ọwọ́” sí abẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá lò ó. Ti orí ẹ̀fọn ló ń dẹ́rù ba ọmọ jù, ojú rẹ̀ kún fún ìṣùpọ̀ bíi ti àgbàdo ṣùkù. Kò sí àwọ̀ kankan nínú ohun tí ẹ̀rọ náà rí, dúdú àti funfun ni. Wọ́n sì máa ń fi wúrà tín-ín-rín bo òkú ẹ̀fọn náà kí wọ́n tó lè yà á. Gbogbo àwọ̀ ewé àti ìyeyè tí ẹ bá rí, ẹnì kan ló kùn ún lẹ́yìn náà, àwọ̀ náà kì í sì í sábà dúró fún ohunkóhun. Nítorí èyí, mo fi ti Webb ṣíwájú rẹ̀ nínú òtítọ́, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ kíkùn.

Ti ẹ̀jẹ̀ ni mo yàn. Àwọ̀ elésè àlùkò inú rẹ̀ jẹ́ ti aró Giemsa tí àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ń lò lójoojúmọ́. Ó ń mú kí kòkòrò ibà hàn bí òrùka kékeré nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Ọmọ tó bá wò ó lè lọ sí yàrá àyẹ̀wò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí irú rẹ̀, èyí tí kò lè ṣe fún àwòrán yòókù tí mo ti dárúkọ.

Ilẹ̀ wa láti òkè

Mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú mẹ́rin náà jẹ́ ti ìlú wa. Erédò Ṣùngbọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ wá, nítorí yàrà tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po kò yẹ kó ṣòro láti rí. Ó ṣòro. Orí igi ni sátẹ́láìtì ń rí, yàrà náà sì wà lábẹ́ igi. Ẹ̀rọ tó ń ju ìtànṣán lésà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ fún. Mo wá yí sí igbó Ọ̀mọ̀, ní apá J4, níbi tí erin ṣì wà. Níbẹ̀ ni àwòrán sátẹ́láìtì ti wúlò, nítorí kì í ṣe ẹyọ kan ni ènìyàn ń gbé kọ́, méjì ni: ti àtijọ́ àti ti òde òní, kí ojú lè rí ibi tí oko àti pákó ti jẹ igbó.

Sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya ilẹ̀ ayé láti 1972, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán rẹ̀. Ti òde òní ń fi píksẹ́lì kan ṣojú ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 30. Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù kúnná jù ú lọ, mítà 10 ni tirẹ̀, òun náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n 2015 ló bẹ̀rẹ̀, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. NigeriaSat-2 tiwa, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè ní oṣù Kẹjọ 2011, ni wọ́n ṣe kí ó lè rí ohun tó fẹ̀ ní mítà 2.5. Fún ìtàn igbó, Landsat ni mo mú. Ẹ yan oṣù kan náà nínú ọdún méjèèjì, nítorí ewé ẹ̀ẹ̀rùn kò rí bí ewé òjò. Bí ẹ bá sì mú ìgbà òjò, ìkùukùu ni ẹ ó máa wò. Ìgbà ọyẹ́ náà ní eruku tirẹ̀, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ púpọ̀ kí ẹ tó mú ọ̀kan. Ẹ béèrè bóyá àwọ̀ gidi ni tàbí ti infrared, nítorí nínú ti infrared, pupa ni wọ́n sábà máa ń fún ewé tútù. Mo gbé irú rẹ̀ han bàbá kan láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó ké mọ́ mi pé, “Ta ló dáná sun gbogbo igbó yìí?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo ti àwọ̀ gidi fún gbogbo ènìyàn.

Ìtẹ̀wé

Àṣìṣe tèmi ni kí ẹ fi kọ́gbọ́n. Mo fi àwòrán òpó náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan nípasẹ̀ WhatsApp, bí fọ́tò lásán. WhatsApp ti fún un pọ̀ kó tó dé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí flex bẹ́ẹ̀ láìbéèrè. Nígbà tí ó dé, ó rí wówo bí gàrí tí wọn kò sẹ̀ dáadáa, nígbà tí ó jẹ́ pé gàrí Ìjẹ̀bú tó kúnná ni mo sanwó fún. Ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ bíi document, tàbí kí ẹ gbé e lọ nínú fláàṣì. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ka píksẹ́lì rẹ̀: àwòrán tó bá máa gùn ní íǹṣì 36, bí a bá fẹ́ kí íǹṣì kọ̀ọ̀kan ní píksẹ́lì 150, yóò nílò 5,400 ní gígùn. Àwòrán Hubble àti Webb tó wà lórí ìkànnì NASA, iléeṣẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà, àti ti ESA, iléeṣẹ́ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù, máa ń tóbi tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Apollo náà wà ní fáìlì ńlá. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ESA fẹ́ kí a kọ orúkọ àwọn tó ni ín sí abẹ́ rẹ̀, ó sì bójú mu kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti NASA.

Àwòrán tí dúdú pọ̀ nínú rẹ̀, bíi ti Anders, máa ń di jígí bí a bá fi gíláàsì bò ó. Ẹni tó ń wò ó yóò máa rí ojú ara rẹ̀ àti wíńdò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lo ìwé tí kò ń dán, tàbí aṣọ kánfáàsì. Ẹ má sì gbé èyíkéyìí sí ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé, nítorí pupa ló máa ń kọ́kọ́ ṣá.

Ní ìgbẹ̀yìn, ayé lẹ́yìn òṣùpá, òpó ti Hubble àti òpó ti Webb ni wọ́n gbé sínú ilé-ìkàwé. Ìyàwó olóyè tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló bá wa san ti igbó Ọ̀mọ̀ méjèèjì, nítorí náà mẹ́rin di márùn-ún, lẹ́yìn náà ó di mẹ́fà. Ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí yàrá sáyẹ́ǹsì, torí pé ẹni tó ń tọ́jú ilé-ìkàwé ní òun kò lè máa jẹun ọ̀sán níwájú ibà. Mo kọ ìlà mẹ́ta sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tí ó jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n yà á, àti ojú tó rí i. Abẹ́ òpó ti Webb ni àwọn ọmọ ń dúró sí jù, nítorí ìlà kẹta rẹ̀ kà pé: “Kò sí ènìyàn kankan tí ojú rẹ̀ rí èyí rí.”